Ilé Tí A Ti Ń Fi Ọwọ́ Méjèèjì Tọ́ Ọmọ

Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn ná, ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Lánàá ni ọ̀kan nínú yín bi mí pé, "Grandma, ṣé wọ́dà lẹ jẹ́ ní Rìmáǹdì ni?" Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó dùn mí wọra. Mi ò dá yín lẹ́bi. Ohun tí ẹ̀yin mọ̀ sí Rìmáǹdì ni ògiri gíga, géètì onírin àti ọlọ́pàá tó gbé ìbọn kọ́ èjìká. Ẹ ò mọ̀ pé ìgbà kan wà tó jẹ́ ọgbà ewéko lásán ló yí ilé náà ká, tí ewúrẹ́ àwọn ará àdúgbò ń gba inú rẹ̀ wọlé wá jẹ ẹ̀wà tí a gbìn. Èmi kì í ṣe wọ́dà. Aṣọ rírán ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ.

Ọdún 1991 ni èmi àti bàbá bàbá yín dé Bìní láti Ọ̀wọ̀. Iṣẹ́ báńkì ló gbé e wá. Àdúgbò Ogida yìí náà la gba yàrá sí, nígbà tí ilẹ̀ pupa ṣì pọ̀ ju ilé lọ níbí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́ ní ilé tí ìjọba ń kó àwọn ọmọ tó bá rú òfin sí, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Rìmáǹdì. Ìyá mi ní kí n má lọ, pé àárín olè kì í ṣe ibi tí abiyamọ ń ṣiṣẹ́. Mo lọ. Àwọn tí mo bá níbẹ̀, ọmọ ni wọ́n. Àwọn mìíràn ṣì ń tọ̀ sórí ẹní.

Ìró ibẹ̀ ni mi ò lè gbàgbé. Ní ìdájí, ẹnìkan á lu irin tó so rọ̀ lára igi máńgòrò, gbàn-án, gbàn-án, gbogbo ilé á jí. Ẹ ó gbọ́ ìgbálẹ̀ lórí ilẹ̀ pupa, ẹ ó gbọ́ garawa tó ń kọlu ara wọn nídìí ẹ̀rọ omi. Bí oòrùn bá ti yọ, ayùn àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà á bẹ̀rẹ̀ sí í ké lápá kan, ẹ̀rọ ìránṣọ tiwa náà á máa dún lápá kejì bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Àwọn tó wà nínú oko gbágùúdá lẹ́yìn ilé á máa kọrin, ìbáà jẹ́ ti Ẹ̀dó, ìbáà jẹ́ ti Yorùbá, èyí tó bá ṣáà ti wá sí wọn lẹ́nu.

Ẹ má rò pé ìkẹ́ lásán la ń kẹ́ wọn o. Ọmọ tó bá lu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, òun ni yóò máa fọ aṣọ ẹni tó lù títí ọgbẹ́ á fi jinná. Èyí tó bá sá lọ, tí ebi sì dá a padà, oko gbágùúdá ni yóò máa ro nígbà tí àwọn yòókù bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ìyà tó wúwo jù níbẹ̀ kì í ṣe ẹgba, kì í sì í ṣe iṣẹ́. Ojú ni. Bí ọmọ bá ti lo oṣù mélòó kan lọ́dọ̀ wa, a ó mú un lọ bá ẹni tó ṣẹ̀, kí ó wo ojú onítọ̀hún, kí ó sì gbọ́ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ dá sílẹ̀. Mo ti rí ọmọ tí kò sunkún nígbà tí ọlọ́pàá ń lù ú, tó wá ń gbọ̀n lẹ́nu ọ̀nà ìyá arúgbó tó jí rédíò rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ẹni náà bá gbà, ọmọ á máa lọ bá a ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Ilé yẹn ní ọwọ́ méjèèjì nígbà náà.

Adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn ọmọdé, obìnrin kan tó sanra tí kì í pariwo, máa ń wá wò wọ́n lóṣooṣù. Lọ́jọ́ kan ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí àwọn ọmọ káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Bẹ́ǹṣì ya, ó di gbì! Ẹsẹ̀ Adájọ́ wà lókè, gèlè ti bò ó lójú. Àwọn ọmọ ti gbà pé ẹ̀wọ̀n gbére dé nìyẹn. Obìnrin náà dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀ nù, ó ní, "Ta ló kan èyí?" Àwọn ọmọ tó kàn án nawọ́ sókè. Ó ní, "Ó dáa. Ìdájọ́ mi rèé: ẹ lọ kan òmíràn, ẹ̀yin fúnra yín ni yóò sì kọ́kọ́ jókòó lé e." Ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ náà, mi ò tún rí irú rẹ̀ níbẹ̀ mọ́.

Bí ọdún bá sì ń parí lọ, tí Igue, ọdún ìbílẹ̀ àwọn ará Bìní, bá dé, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò á máa gbé ewé ewere láti ilé dé ilé, wọ́n á máa kọrin, wọ́n á sì máa fi ewé náà súre fún onílé. Wọn kì í fo ilé wa. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń jáde lọ pàdé wọn. Kì í ṣe tìtorí ewé. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé ìlú ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé, ẹ̀yin náà, ọdún á yabo fún yín. Lónìí, ta ló jẹ́ kan géètì yẹn torí pé ó fẹ́ súre?

Ọ̀rọ̀ Dàpọ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín gan-an. Ọmọ ará Ìkàrẹ́ ni, bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ sì ń ta ẹja díndín ní Ikpoba Hill. Bí ẹ bá bá a sọ Yorùbá, á gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n pijin ni yóò fi dá yín lóhùn, bíi tiyín náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí òun àti àwọn ọmọkùnrin méjì tó jù ú lọ wọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Títí. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni Ìyá Títí, aṣọ ló ń tà. Ọ̀sán gangan ni. Wọ́n rò pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ṣọ́ọ̀bù, àṣé obìnrin náà sùn sẹ́yìn káńtà. Nígbà tó dìde tó kígbe, ọ̀kan nínú wọn tì í, ó ṣubú lé sìmẹ́ńtì. Àwọn méjì sá lọ. Dàpọ̀ náà ti dé ẹnu ọ̀nà kí ó tó gbọ́ bó ṣe ń ké. Ó padà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ gbé e dìde.

Àánú yẹn ló mú un. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn èrò bá a. Wọ́n lù ú bí ẹni lu bàrà, àwọn kan ti lọ gbé táyà wá. Ìyá Títí ló ń kígbe láti ilẹ̀ tó wà pé, "Ẹ má sun ún níwájú mi! Ẹ gbé e fún ọlọ́pàá! Ẹ má sun ún!" Báyìí ni wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ fún ọlọ́pàá.

Egungun ìbàdí Ìyá Títí fọ́. Ọ̀pá ló fi ń rìn láti ọjọ́ náà. Nígbà tí Adájọ́ ní kí wọ́n mú Dàpọ̀ wá sọ́dọ̀ wa kí ó lọ kọ́ṣẹ́, Títí, àkọ́bí obìnrin náà, tó jẹ́ tíṣà, dìde nínú kóòtù. Ó ní, "Màmá mi ò lè bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀ mọ́, ẹ wá ní kí olè lọ kọ́ṣẹ́? Ta ni yóò kọ́ màmá mi ní ìrìn?" Mo wà níjòókòó. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ àánú fún ọmọ tó ṣẹ̀, tí kò bá fi etí kan gbọ́ ti Títí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pé.

Dàpọ̀ kọ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ mi. Ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ lórí aṣọ. Ojú bọ́tìnnì tó bá rán, ẹ ò ní mọ̀ pé ọmọdé ló rán an. Nígbà tó yá, mo mú un lọ sọ́dọ̀ Ìyá Títí. Obìnrin náà kọjú sí ògiri. Ó ní, "Mà, ẹ mú un kúrò níbí." A padà. A tún lọ, kò sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí a tún lọ lẹ́yìn ìyẹn, ó wo ọmọ náà títí, ó wá bi í pé, "Kí ló dé tí o padà wá gbé mi lọ́jọ́ náà?"

Dàpọ̀ wolẹ̀. Ó ní, "You dey cry like my mama."

Ìyá Títí na ọ̀pá rẹ̀ sí àwọn aṣọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Kó ìyẹn sórí tábìlì. Má jẹ́ kí ó kan ilẹ̀."

Láti ìgbà náà, bí Sátidé bá ti mọ́, Dàpọ̀ ni yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù, òun ni yóò gbálẹ̀, òun ni yóò pàtẹ aṣọ. Oúnjẹ tí wọ́n kọ́kọ́ ń gbé fún un níta, ó di èyí tó ń jẹ nínú ilé. Títí ní tirẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ rí. Bí ọmọ náà bá wọlé, òun á jáde. Mi ò bá a wí. Ìdáríjì kì í ṣe owó orí tí a ń fi tipátipá gbà lọ́wọ́ ènìyàn.

Ìlú wá yí padà mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà gbọ́ nípa rẹ̀: ìgbà tí àwọn ajínigbé gbòde, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ń pa ara wọn lójú títì, tí gbogbo onílé bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri tó ga ju òrùlé lọ. Ẹ̀rù ọmọdé ń ba àgbà. Ọ̀gá tuntun kan dé sọ́dọ̀ wa, ó ní ọ̀daràn kì í lọ sóde ní Sátidé. Ó fòpin sí lílọ bá ẹni tí a ṣẹ̀. Ó mọ ògiri. Ó kó ẹ̀rọ ìránṣọ wa sínú yàrá kan, ó tì í, ó ní ohun ìjà ni sísọ́ọ̀sì. Olùkọ́ káfíńtà fẹ̀yìn tì, wọn ò gba ẹlòmíràn. Adájọ́ wa, wọ́n gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọmọ lè gun igi máńgòrò fo ògiri, wọ́n gé máńgòrò náà lulẹ̀, tòun tirin tó so rọ̀ lára rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ nígbà tó ń wó. Láti ọjọ́ náà, ibi tí a ti ń gbọ́ ayùn àti orin, ìdákẹ́jẹ́ ló kù. Àwọn ọmọ á jókòó láti àárọ̀ di alẹ́, wọ́n á máa wo ògiri. Ọwọ́ tó bá dilẹ̀ ni èṣù ń bẹ̀ lọ́wẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn ọmọkùnrin ńlá kan fi fo ògiri náà. Wọ́n lọ ja ọkùnrin kan lólè lápá Airport Road, wọ́n ṣá a ládàá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Apá ọkùnrin yẹn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Inú bí ìlú, inú bí ìjọba. Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́pàá gbé ọkọ̀ wá, wọ́n ní gbogbo àwọn tó bá ti ga ni kí wọ́n kó. Dàpọ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ wa, ó ti ga, irùngbọ̀n sì ti ń yọ lẹ́nu rẹ̀.

Mo sáré bá ọ̀gá wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni èyí. Kò bá wọn lọ. Orí ibùsùn rẹ̀ ni ilẹ̀ mọ́ bá a."

Ó di irùngbọ̀n Dàpọ̀ mú, ó gbé ojú rẹ̀ sókè kí n rí i. "Madam, this one na pikin? Na una spoil them."

Dàpọ̀ kò jà. Ó kàn ń wò mí. "Mama, tell them say I no jump."

Mo sọ fún wọn. Mo tún un sọ títí ọkọ̀ fi gbéra. A kì í torí orí fífọ́ bẹ́ orí, ṣùgbọ́n ohun tí ìlú ṣe lọ́jọ́ náà nìyẹn, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn àgbà ni wọ́n kó wọn lọ, pé wọ́n ti tún ẹjọ́ àtijọ́ oníkálukú ṣí, kí wọ́n máa dúró dè é níbẹ̀. Èmi àti ìyá rẹ̀ jọ ń lọ wò ó. Ìyá rẹ̀ á di ẹja sínú ewé, àwọn wọ́dà á tú u yẹ́bẹyẹ̀bẹ kí wọ́n tó jẹ́ kí ó kọjá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Dàpọ̀ á máa bi wá pé ìgbà wo ni kóòtù, báwo ni Ìyá Títí. Nígbà tó yá, kò béèrè mọ́. Nígbà tó tún yá, kò wo ojú wa mọ́.

Ìyá Títí gbọ́. Ẹ wo obìnrin tí wọ́n fọ́ ní ìbàdí, ó fi ọ̀pá gun àtẹ̀gùn kóòtù, ó ń sinmi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó fẹ́ sọ fún adájọ́ tuntun pé ọmọ náà ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun, ó ti bá òun ṣiṣẹ́, kí wọ́n dá a padà síbi tí yóò ti parí iṣẹ́ tó ń kọ́. Lọ́jọ́ náà, adájọ́ kò jókòó. Ó tún wá, wọ́n ní fáìlì kò tíì dé. Ó tún wá, àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì, géètì wà ní títì. Nígbà tó wá rí akọ̀wé kóòtù bá sọ̀rọ̀, ó bi í pé, "Ẹ gbọ́ ná. Èmi ni wọ́n ṣẹ̀. Mo ní mo ti dárí jì í. Ta wá ni ẹ ń bá gbẹ̀san?"

Akọ̀wé náà kò bínú. Ó dàbí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ká a lára. Ó ní, "Màmá, kì í ṣe ẹjọ́ yín mọ́. Ìjọba ló ni ín."

Ìyá Títí kú kí wọ́n tó pe ẹjọ́ náà. Níbi ìsìnkú, Títí fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Màmá mi bẹ̀ mí pé kí n bá òun lọ sí kóòtù yẹn. Mi ò lọ, mà. Mi ò lè lọ." Mo dì í mú.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí adájọ́ àgbà kan tó rìn yí ọgbà ẹ̀wọ̀n ká, tó sì dá àwọn tí kò sí fáìlì wọn sílẹ̀. Báyìí ni Dàpọ̀ ṣe jáde. Kò sí ẹni tó dá a lẹ́bi, kò sí ẹni tó dá a láre. Ìyá rẹ̀ mú un wá síbí, inú pálọ̀ yìí gan-an. Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi síwájú rẹ̀, mo fún un ní aṣọ. Ó jókòó, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Òwú lọ́, ó já. Ó tún fi òwú bọ abẹ́rẹ́, ó tún já. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. "Mama, e don comot for my hand."

Mo ní, "A ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ojú bọ́tìnnì, ọmọ mi. Kí ni à ń kánjú sí?"

Ó wá fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ kì í kúrò lára ògiri. Bó bá ń jẹun, á fi apá yí abọ́ ká. Bí ẹnikẹ́ni bá kan géètì, á fò dìde. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú yín, mi ò ní sọ èyí tó jẹ́, sáré wọlé láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Dàpọ̀ yí padà, ó ti gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè kí ó tó rí i pé ọmọ kékeré ni. Ó dúró báyẹn, ọwọ́ lókè. Lẹ́yìn náà ó jáde lọ jókòó síta, nígbà tí mo bá a, ó ní, "Mama, e better make I no dey come. The thing wey dem teach me for there, na only that one I know now."

Mo bẹ̀ ẹ́. Kò padà wá. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, a gbọ́ pé ó ti bá àwọn kan tẹ̀ lé ọ̀nà aṣálẹ̀, pé Líbíyà ni wọ́n ń lọ. Ó pe ìyá rẹ̀ láti Àgàdẹ́sì, ìlú kan lẹ́nu aṣálẹ̀. Ó tún pè é láti ibì kan tí obìnrin náà kò lè pe orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà náà kò lọ mọ́. Ìyá rẹ̀ ṣì ń ta ẹja ní Ikpoba Hill. Ó máa ń so fóònù mọ́ etí ìró rẹ̀, kì í sì í pa á, bó tilẹ̀ jẹ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì ló wà. Bí mo bá lọ rajà lọ́wọ́ rẹ̀, a kì í dárúkọ ọmọ náà. Èmi á ní ẹja yìí tóbi, òun á ní bẹ́ẹ̀ ni mà, ó tóbi.

Bóyá ẹ ó wá bi mí bóyá ìyà ló yẹ ọmọ tó bá jalè, àbí ẹ̀kọ́. Mo ti dàgbà, mi ò lè fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn yín. Mo rí ilé tó ń ṣe méjèèjì, mo sì rí i bó ṣe wó. Èyí tí wọ́n kọ́ sí ipò rẹ̀ kò ṣe ìkankan. Kò kọ́ ọmọ, kò sì tún ìbàdí Ìyá Títí ṣe.

Ní Kérésìmesì tó kọjá yìí, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa gbé ìrẹsì àti bísíkítì lọ sí Rìmáǹdì náà. Ẹnu géètì ni wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ wa. Nígbà tí mo sọ pé mo ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ ṣàánú mi, ó jẹ́ kí n wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rìn dé yàrá tí mo ti ń kọ́ wọn ní aṣọ rírán. Wọ́n ti fi irin dí ojú fèrèsé. Àwọn ọmọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú rẹ̀, wọn ò ṣe nǹkan kan.

Ọmọbìnrin kékeré kan dìde, ó wá di irin mú. Ó ní, "Mama, na me you come find?"

Mo bi í pé kí lorúkọ rẹ̀. Ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ń ké kíkankíkan lẹ́yìn ilé, mi ò gbọ́. Mo na etí sún mọ́ irin, mo ní kí ó tún un sọ. Ẹ̀ṣọ́ fọwọ́ kan èjìká mi, ó ní, "Màmá, àkókò ti tó." Mo bojú wẹ̀yìn bí a ṣe ń lọ. Ẹnu ọmọ náà ṣì ń mì, ó ń sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn.